Ekurá àti Àkókò Rẹ̀ ní Etíkun Wa

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ó ṣòro láti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yé tó àgbẹ̀. Ní Lálúpọn àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí i ká ní ilẹ̀ Lágelú, bí àgbẹ̀ bá ti ṣẹ́ àgbàdo àkọ́kọ́ tán, ó mọ̀ pé òjò yóò dá díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún, kí ó tó tún padà bẹ̀rẹ̀ fún àgbàdo kejì. Kì í ṣe inú ìwé ni ó ti kọ́ ọ. Atẹ́gùn, ojú ọ̀run àti ìrírí àwọn baba rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ará òkè kò mọ̀ ni pé òkun, tí ó jìnnà sí wọn, ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ òjò yìí. Ní àkókò kan náà tí òjò ń dá ní oko, omi òkun etí ilẹ̀ wa máa ń tutù ju ti ìgbà yòókù lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ka omi tútù náà kún ara ohun tí ń fà á tí òjò fi ń sinmi. Omi tútù yìí kan náà ni ó ń pèsè oúnjẹ fún ẹja kéékèèké, ẹja kéékèèké ni ó sì ń fa ẹja ńlá wá sí tòsí ilẹ̀. Lára àwọn ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ ni ekurá wà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àkurákudà.

Bí a bá dárúkọ ekurá, eyín àti ikú ni ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ ìtàn etíkun yìí wò, láti Ouidah dé Èkó, a ó rí i pé ekurá kì í ṣe alárìnká tí kò mọ ibi tí ó ń lọ. Àkókò ni ó ń gbé e wá, àkókò ni ó sì ń gbé e lọ. A ó tún rí i pé orúkọ búburú tí ó ní, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Àti pé lónìí, àkókò tí ó yẹ kí ó fi bí ọmọ rẹ̀ ní àlàáfíà ni ènìyàn fi ń pa á run.

Etíkun àti àwọn ìgbà rẹ̀

Etíkun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu odò Volta ní ilẹ̀ Gánà, tí ó gba Lómé, Ouidah, Kútọnu àti Àgbádárìgì kọjá dé Èkó, tí ó sì tún tẹ̀ síwájú dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, kò ní àpáta tàbí erékùṣù púpọ̀ tí ó lè gba ìjà òkun fún un. Ilẹ̀ títẹ́jú ni, ìgbì sì ń lù ú tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn etí òkun ni ọ̀sà wà, omi gbígbòòrò tí kò jìn púpọ̀, tí ó nà lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkun láti Àjàṣẹ́ dé Èkó àti Lẹ́kí. Ibi díẹ̀ ni ọ̀sà ti rí ẹnu yọ sí òkun. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, iyanrìn máa ń kórajọ sí abẹ́ omi, ìgbì a sì máa fọ́ lé e lórí pẹ̀lú agbára. Àwọn Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin omi méjèèjì yìí dáadáa. Wọn kò fi orúkọ kan pè wọ́n, wọn kò sì sọ pé ẹnì kan ni ó ni wọ́n: Olókun ni ó ni òkun, Ọlọ́sà ni ó ni ọ̀sà.

Ìyípadà méjì ni ó máa ń dé bá àwọn omi yìí lọ́dọọdún. Èkíní ni ti iyọ̀. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn, Ọ̀ṣun, Yewa àti àwọn mìíràn a máa kún, wọn a sì da omi wọn sí ọ̀sà. Òjò tí ó rọ̀ sí agbègbè Aṣéjìre ní ẹ̀bá Ìbàdàn yóò bá Ọ̀ṣun sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀sà Lẹ́kí. Bí omi òjò bá ti pọ̀ tó nínú ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ibẹ̀ yóò máa dínkù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, omi òkun a gba ẹnu ọ̀sà wọlé, ọ̀sà Èkó a sì di oníyọ̀. Ẹja tí kò lè fara da iyọ̀ a kó lọ sí òkè odò. Ẹja òkun a sì wọlé wá jẹ. Nítorí náà, ọwọ́ òjò tí ń rọ̀ sí oko ará òkè wà nínú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja ní ọ̀sà.

Èkejì ni ti òtútù tí a ti mẹ́nu bà. Láti oṣù Agẹmọ, tí í ṣe oṣù keje, títí dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun máa ń ru sókè. Etíkun Gánà àti ti Ivory Coast ni agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń nà dé ilẹ̀ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ìgbà kúkúrú kan a sì tún wà láàrin oṣù Kejìlá àti oṣù Kejì tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yìí ń gbé ohun tí ó dà bí ajílẹ̀ bọ̀ sókè. Àwọn ohun ọ̀gbìn wínníwínní inú omi a gbilẹ̀, àwọn ẹ̀dá kéékèèké a jẹ wọ́n, ẹja ṣàwá a dé ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ láti wá jẹun, àwọn ẹja ńlá a sì tẹ̀ lé e. Ní àkókò òjò yìí kan náà ni ìgbì tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá láti gúúsù òkun máa ń ga jù. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí ó wà níwájú.

Ohun tí ekurá ń wá ní etí ilẹ̀

Ekurá kì í ṣe ẹja kan ṣoṣo. Oríṣi rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 500. Òmíràn kò gùn ju apá ènìyàn lọ, òmíràn sì gùn ju ọkọ̀ àjẹ̀ lọ. Gbogbo wọn kò ní eegun líle bí ẹja yòókù. Eegun rírọ̀, irú èyí tí ó wà ní etí ènìyàn, ni ó gbé ara wọn dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya ekurá sọ́tọ̀ jù lọ ni ọ̀nà tí ó ń gbà bímọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ni ó ń yé ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọn a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún omi. Púpọ̀ nínú ekurá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lóyún, wọ́n sì ń bí ọmọ láàyè.

Àpẹẹrẹ kan ni ekurá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Carcharhinus leucas, èyí tí ó sanra, tí imú rẹ̀ kúrú, tí ó sì lè gbé inú omi iyọ̀ àti omi odò. Ó wà ní etíkun wa láti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà dé Àǹgólà. Oyún rẹ̀ ń tó oṣù 10 tàbí 11, ọmọ tí ó sì ń bí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju 13 lọ. Àwọn ọmọ náà yóò lo ju ọdún mẹ́wàá lọ kí àwọn náà tó lè bímọ. Ìwọ̀nyí jọ ti ènìyàn ju ti ẹja lọ. Ẹni tí ó bá pa ẹja ṣàwá 1,000 lónìí, òkun lè fi òmíràn dípò rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tí ó bá pa abo ekurá 1,000, ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́.

Níbo ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ yóò bímọ sí? Ibi tí omi kò jìn ni: ẹnu odò, ọ̀sà, àárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, àti omi tí ó tẹ́jú lẹ́bàá ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn ekurá ńlá ni ọ̀tá ọmọ ekurá jù lọ, wọn kì í sì í fẹ́ wọ ibi tí omi ti fẹ́lẹ́. Oúnjẹ kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, ọmọ náà yóò sì dàgbà kí ó tó jáde sí agbami. Ìyá kì í dúró tọ́jú ọmọ. Bí ó bá ti bí i tán, ó lọ nìyẹn. Ibi tí ó yàn láti bí i sí ni gbogbo ìtọ́jú tí ó fún un.

Ìwádìí tí a ṣe ní ibòmíràn jẹ́rìí sí i pé ekurá kì í gbàgbé irú ibi bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Bimini ní ilẹ̀ Bàhámà, Samuel Gruber àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì sí ara àwọn ọmọ ekurá kan tí àwọ̀ wọn pọ́n bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2013 sọ pé àwọn abo tí a bí níbẹ̀ láàrin 1993 àti 1997 padà wá bímọ sí erékùṣù kan náà lẹ́yìn ọdún 14 sí 17. Ní etíkun Florida ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ekurá tí ṣóńṣó lẹbẹ wọn dúdú máa ń péjọ sí etí ilẹ̀ nígbà òtútù. Bí ooru bá dé, wọn a gbéra lọ sí àríwá. Iye ọjọ́ tí omi fi gbóná tàbí tutù ni kàlẹ́ńdà wọn.

Ekurá ní ayé òwò ẹrú

Bí ekurá bá ti ní àkókò tirẹ̀, báwo ni ó ṣe wá di àmì ìkà ní etíkun yìí? Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn òwò ẹrú. Láti òpin sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún títí dé àárín sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Ouidah, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Glehwe, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté ẹrú tí ó tóbi jù ní Áfíríkà. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tí a kó láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Èkó gba ipò iwájú. Kò sí ibùdókọ̀ òkun gidi ní ibi méjèèjì. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó a dúró sí ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ kéékèèké a sì kó ẹrú la ìgbì kọjá lọ bá wọn. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ gan-an ni ekurá ti ń ṣọdẹ. Ọkọ̀ tí ó bá dojú dé, pàápàá ní àwọn oṣù tí ìgbì ga, inú ewu ńlá ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ wà.

Ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Phillips, wá sí Ouidah nínú ọkọ̀ Hannibal ní 1694. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹrú kan fẹ́ràn ikú ju ìgbèkùn lọ, wọ́n ń bẹ́ láti inú ọkọ̀ sínú omi. Ó ní òun rí lára wọn tí ekurá jẹ, àti pé ekurá púpọ̀ ni ó yí àwọn ọkọ̀ ká níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ sọ fún un pé wọ́n lè tẹ̀ lé ọkọ̀ dé Barbados. Willem Bosman, ará Hólàńdì tí ó ṣiṣẹ́ ní Elmina, náà sọ̀rọ̀ ekurá nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1704, bí wọ́n ti ń dù mọ́ òkú ẹrú tí a bá sọ sí omi.

Ó yẹ kí a dúró wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ekurá kò dá òwò ẹrú sílẹ̀. Ẹja ni, ibi tí oúnjẹ bá wà ni ó ń lọ. Ènìyàn ni ó ń ju ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́, láìka àkókò sí, tí ó sì sọ ẹja tí ń wá ní ìgbà dé ìgbà di alábàárìn ọkọ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn sì fi ìbẹ̀rù ekurá ṣe ẹ̀wọ̀n kejì fún àwọn ẹrú àti fún àwọn atukọ̀ wọn. Ẹnì kan tí ó rí òótọ́ yìí kedere ni James Tytler, ará Sìkọ́tíláǹdì. Nígbà tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jiyàn lórí òwò náà ní 1792, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan bí ẹni pé àwọn ekurá Áfíríkà ni ó kọ ọ́. Nínú rẹ̀, àwọn ekurá ń bẹ àwọn olóyè ilé ìgbìmọ̀ kí wọ́n má ṣe fòpin sí òwò ẹrú, kí ebi má baà pa àwọn. Ẹ̀fẹ̀ kíkorò ni. Ó fi han àwọn òǹkàwé rẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ apanijẹ gan-an.

Ekurá tí ó di àmì ọba

Lójú àwọn ará etíkun fúnra wọn, ekurá kì í ṣe ìkà lásán. Ó jẹ́ olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìtàn Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, fi èyí hàn.

Orúkọ Dàhọ̀mì kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá. Guezo gbé ogun ja Abẹ́òkúta ní 1851, ọmọ rẹ̀ Glele tún gbé e wá ní 1864, ìgbà méjèèjì ni àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní 1886, ogun Glele kó Kétu, ó sì dáná sun ún. Nígbà tí Glele wàjà ní òpin 1889, Béhanzin gorí ìtẹ́. Ó jẹ́ àṣà wọn pé kí ọba kọ̀ọ̀kan ní ohun tí yóò máa dúró fún un. Kìnnìún ni ti Glele. Ekurá ni Béhanzin mú.

Kí ló dé tí ọba tí ààfin rẹ̀ wà ní Abomey, tí ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí òkun, fi ẹja òkun ṣe àmì? Ọ̀tá tí ó ń bọ̀ ni ó fà á. Àwọn Faransé ti di Kútọnu mú, wọ́n sì ń bá ọba jà lórí ẹni tí ó ni ín. Ohun tí àmì náà sọ ni pé ọba dà bí ekurá tí ó da ẹnu òkun rú, tí kò jẹ́ kí ọ̀tá gúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ekurá ń dúró, láàrin agbami àti ilẹ̀, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, yóò mọ̀ pé kì í ṣe àfiwé tí a fi ẹnu lásán ṣe ni. Ìmọ̀ àwọn atukọ̀ àti apẹja ni ó bí i. Oníṣọ̀nà Sossa Dede ni wọ́n sọ pé ó gbẹ́ ère igi tí ó gbé àmì yìí wọ̀, ère tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì ekurá.

Ekurá náà kò rí ẹnu òkun dí. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1890 àti ní 1892. Ọ̀gágun Dodds àti ogun rẹ̀ wọ Abomey ní oṣù kọkànlá 1892, wọ́n sì kó àwọn ère ààfin lọ sí Páríìsì. Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1894. Wọ́n mú un lọ sí Martinique, ó sì kú sí ilẹ̀ Àlùjíríà ní 1906. Ní 1928 ni a gbé òkú rẹ̀ padà wá sí ilẹ̀ rẹ̀. Ère ekurá náà pẹ́ jù ú lọ ní ìgbèkùn. Oṣù kọkànlá 2021 ni ó tó padà sí Kútọnu pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 26. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tò láti wò ó ní 2022. Ọba lọ, ère dé. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ipò tí ekurá alààyè, tí a fi gbẹ́ ère náà, wà nísinsìnyí.

Èbúté, ojú irin àti àwọ̀n

Láàrin ìgbà tí ère náà lọ àti ìgbà tí ó dé, ojú etíkun yí padà. Ní Èkó, títí di ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, ọkọ̀ ńlá kò lè gba ẹnu ọ̀sà wọlé. Ọkọ̀ kéékèèké ni ó ń kó èrò àti ẹrù la ibi eléwu náà kọjá. Ní 1908, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ odi sínú òkun láti dá iyanrìn dúró, ní 1914 sì ni ọkọ̀ ńlá ti lè wọlé. Èbúté Kútọnu ṣí ní 1965, ti Lómé ní 1968. Àwọn odi yìí mú ọrọ̀ wá, wọ́n sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n wọ́n tún yí ọ̀nà tí iyanrìn ń gbà rìn padà. Òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn wọn.

Nígbà kan náà, ojú irin so etíkun mọ́ òkè. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Lálúpọn kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Ó kó kòkó àti ẹ̀pà lọ sí Èkó, ó sì sọ ọ̀nà di kúkúrú fún ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ tí ń bọ̀ wá sí ọjà òkè. Bí ọjà ti ń tóbi ni iṣẹ́ apẹja ń pọ̀.

Àwọn apẹja àtijọ́ kì í pẹja bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ìgbà kan wà fún ọ̀sà, ìgbà kan wà fún òkun. Bí ìgbì bá le jù, wọn a fà sẹ́yìn, wọn a tún àwọ̀n àti ọkọ̀ wọn ṣe. Àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì, àti àwọn Ewé Anlo tí wọ́n ń ti Keta wá fa àwọ̀n gígùn ní etí òkun, gbogbo wọn ni ó ń ṣí lọ ṣí bọ̀ bí ẹja ti ń ṣí. Òkun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi agbára ìgbì fún ẹja ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1950 sí 1970, àwọ̀n náílọ́ọ̀nù àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tàn kálẹ̀. Àwọ̀n kì í jẹrà mọ́, ọkọ̀ kì í sì í bẹ̀rù ìgbì mọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n ní ilẹ̀ òkun náà dé. Bí ìgbà ìsinmi ṣe parẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí àkókò di pańpẹ́

Ní ìgbà pípẹ́, ẹran ekurá ni àwọn apẹja ń wá, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì ń sá. Àwọn apẹja Gánà tilẹ̀ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gáńbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà nítorí rẹ̀, wọ́n ń fi èyí tí ó gbẹ ránṣẹ́ sí ilé. Nígbà tí ó yá, ọjà mìíràn ṣí ní Hong Kong àti ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹbẹ ekurá se ọbẹ̀ olówó iyebíye. Lẹbẹ ni ekurá fi ń wẹ̀. Kò wúwo, kò sì tètè bàjẹ́, owó rẹ̀ sì ju ti ẹran lọ fíìfíì. Láti nǹkan bí 1980 lọ, apẹja etíkun Áfíríkà tí ó bá rí ekurá ti rí owó.

Níbí ni ìmọ̀ àkókò ti di idà olójú méjì. Ẹni tí ó mọ oṣù tí abo ekurá ń wọ omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti bímọ, ó mọ ibi tí yóò ti rí ìyá àti ọmọ pa pọ̀. Àwọn ekurá olórí òòlù, tí orí wọn gbòòrò ní ọ̀tún àti ní òsì, fara gbá a púpọ̀, nítorí àwọn ọmọ wọn máa ń kórajọ sí etí ilẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ IUCN kọ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn sí ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ìṣirò tí ó jáde ní 2021 sọ pé ekurá àti àwọn ìbátan wọn tí ń gbé agbami ti dínkù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún láti 1970.

Ẹ̀rí kan wà tí ènìyàn lè mú lọ́wọ́ ní ọjà Àjàṣẹ́ tàbí Lómé. Lórí owó tí wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwòrán ẹja kan wà, èyí tí a yà láti ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan. Ẹja aláyùn ni, ìbátan ekurá, tí ẹnu rẹ̀ gùn jáde tí ó sì ní eyín ní ìhà méjèèjì bí ayùn. Nígbà kan rí ó pọ̀ ní ẹnu odò wa. Lónìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbègbè Bijagós ní Guinea-Bissau ni a ti ń retí àṣẹ́kù rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ná an kò rí ẹja náà rí.

Síbẹ̀, ọ̀nà kò tíì dí. Ní Banc d'Arguin ní Mauritáníà, ibi tí ekurá púpọ̀ ti ń bímọ, àwọn apẹja Imraguen àti àwọn alábòójútó ọgbà náà fẹnu kò ní 2003 láti fi pípa ekurá sílẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú ìgbẹ́ àti omi, tí a ń pè ní CITES, fi àwọn ekurá olórí òòlù sí abẹ́ ìṣàkóso ní 2013. Ní 2022 ó fi ìdílé ekurá tí Carcharhinus leucas wà nínú rẹ̀ kún un. Ní Nàìjíríà, òfin ìpẹja òkun ti 1992 kà á léèwọ̀ fún ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n láti ṣiṣẹ́ ní máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀. Inú ìwọ̀n máìlì márùn-ún yìí ni púpọ̀ nínú ọmọ ekurá ti ń dàgbà. Bí a bá pa òfin náà mọ́ ní tòótọ́, ààbò ńlá ni. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dáwọ́ apẹja tí ebi ń pa dúró bí kò bá rí ohun mìíràn ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe àṣeyọrí fi máa ń bá apẹja sọ̀rọ̀ nípa àkókò: kì í ṣe pé kí ó má pẹja mọ́, bí kò ṣe pé kí ó fi àwọn oṣù ìbímọ sílẹ̀, bí àgbẹ̀ ti ń fi irúgbìn pamọ́ kí ó má baà jẹ ẹ́ tán.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a ti ń bọ̀ yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Èkíní, etíkun kì í ṣe ibi kan ṣoṣo jálẹ̀ ọdún. Òjò, iyọ̀, òtútù àti ìgbì ń yí i padà, ekurá sì ń tẹ̀ lé ìyípadà náà láti wá oúnjẹ àti ibi ìbímọ. Èkejì, ìwà tí a kà sí ekurá lọ́rùn yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ènìyàn ti yàtọ̀. Ní ayé òwò ẹrú, ènìyàn sọ ọ́ di apànìyàn. Ní ààfin Dàhọ̀mì, ó di olùṣọ́ ilẹ̀. Ní ayé ọjà lẹbẹ, ó di owó. Ẹ̀kẹta, àwọn baba wa ní ìmọ̀ nípa ìgbà tí ó tó láti fi gbé pẹ̀lú òkun, ṣùgbọ́n ìmọ̀ láìsí ìkóra-ẹni-níjàánu lè di ìparun.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní òkè, tí kò tíì fojú kan òkun rí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Omi oko rẹ̀ ń lọ sí ọ̀sà, òtútù òkun sì ní ọwọ́ nínú òjò rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ ekurá kò ní ìyá tí yóò dúró tì í nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bí i sí. Àwọn tí ó ń gbé etí omi náà, àti àwọn tí ń ra ẹja ní ọjà òkè, ni àgbà tí ó wà lọ́jà.